Àwo Èèpo Ẹ̀gẹ́ Vasemaca

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àsè ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ikú Vasemaca, ọkọ rẹ̀, Isikeli, bu ọbẹ̀ ẹja gbígbóná sínú ọ̀kan nínú àwọn àwo tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún àsè náà. Lánàá, lóòrùn, àwo náà le bí pákó. Lónìí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọbẹ̀ sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Vasemaca máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Á se omi èèpo ẹ̀gẹ́ títí á fi ki, á po irun èèpo àgbọn mọ́ ọn kó lè yi, á wá fi mọ àwo. Ó kórìíra àwo rọ́bà tó kún etí òkun erékùṣù wọn, Taveuni. Isikeli ti ṣèlérí níbi ìsìnkú pé ẹnikẹ́ni ò ní fi rọ́bà jẹun níbi àsè rẹ̀.

Unaisi, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tọ́ àwo náà lá.

"Iyọ̀ rèé! Omi wo lo fi rẹ irun àgbọn?"

"Omi òkun ni, ẹ̀gbọ́n. Bí bàbá mi ṣe ń rẹ ẹ́ nìyẹn."

"Bàbá ẹ ń fi hun okùn! Ṣé inú okùn la ti ń jẹun ni? Iyọ̀ ń fa omi. Omi odò ni Vasemaca fi ń ṣan án. O ò bi í rí?"

"Mi ò bi í."

Àwọn àlejò ti ń gbé ẹní bọ̀. Unaisi lọ ra àwo rọ́bà.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, òjò dé. Àwọn àwo Isikeli tí wọ́n kó sábẹ́ igi di ẹrẹ̀. Ó ṣa ti rọ́bà jọ, ó fọ̀ wọ́n. Ọ̀kankan ò fọ́.