Ìwé Tí Mo Gé Sí Mẹ́ta ní Coconut

Ojú ara mi ló ṣe é. N kò sí lára àwọn tó máa ń sọ pé "wọ́n ní, wọ́n ní." Ní Coconut, lójú títì Àpápá níbí, ẹnu àwọn onítírélà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di oríṣiríṣi. Àwọn kan ní owó ni mo ń lé kiri láàárín títì lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní wèrè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Irọ́ ni. Ìwé ni mo ń lé. Èmi tí mo sáré ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ni mo fi ọ̀bẹ ara mi gé ìwé náà. Èmi yìí kan náà ni mo dúró létí omi ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo rí ohun tí mo rí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó jókòó, kó gbọ́.

Fọkanáísà ni mí. Kì í ṣe irú èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ọ̀kadà o. Táyà tírélà ni mò ń tú. Tí táyà bá bẹ́ láti Coconut títí dé Warehouse Road, èmi ni wọ́n ń wá. Mo máa ń mọ ibi tí ìṣó ti wọlé kí n tó ti túùbù bọ omi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, n kò fi bò, oníwèé mẹ́wàá ò sì tíì fi ìyẹn rẹ́ mi jẹ rí.

Ìyàwó mi ló ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ládùúgbò wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń ké, tó bá ti gbé e mọ́ra, ẹkún tán nìyẹn. Àfi bí ẹni tó ni ilé-ìwé ṣe sọ lọ́jọ́ kan pé kò sí ẹni tí yóò máa dúró nínú kíláàsì mọ́ láìní ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá ní in, ilé ìdáná ló ń lọ, kó máa bu oúnjẹ. Ó fún wọn láyè kí wọ́n lọ ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìyàwó mi délé, ìdí àwo ló lọ tààrà. Ó kàn ń fọ abọ́ kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, Lítíréṣọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ìwé ìtàn òyìnbó kan wà níbẹ̀, ìwé àtijọ́ tó ti lókìkí káyé. Ọmọkùnrin kan ló dá lé lórí, ní ìlú kan létí odò, ọmọ tí kì í gbélé, tí kì í gbọ́ràn, tó jẹ́ pé ọgbọ́n-kọ́gbọ́n ló kún agbárí rẹ̀. Nígbà tó ka ojú ewé àkọ́kọ́, tó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín pa mí.

Mo ní, "Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé ńlá nìyí? Èmi gan-an nìyí mà!"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá Ìbejì. Ti inú ìwé ní àgbà tó ń nà án."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò nà mí?"

"Kò hàn lára yín ni."

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, awakọ̀ tírélà, a jọ dàgbà létí omi Ajégúnlẹ̀ ni. Òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò yìí. Ó ní títì ti sú òun, òun fẹ́ lọ jókòó nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù. Ìwé kan ṣoṣo la sì rí, gbogbo ibi tí a wá a dé, wọ́n ní ó ti tán. Ọ̀rẹ́ mi, tó bá ti wọ ìlà àwọn tírélà tó ń lọ sí wáàfù, ọkọ̀ rẹ̀ lè wà lójú kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Tó bá gbé ìwé lọ, ìyàwó mi ò ní rí i kà. Tí ìyàwó mi bá mú un dání, òun náà ò ní rí i kà.

Èmi ni mo dá ọgbọ́n rẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé páàṣì táyà, mo gé ìwé náà sí mẹ́ta láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ́ roro. Ìyàwó mi fi ìborùn bo ojú. Mo gé awọ túùbù, mo fi ṣe ẹ̀yìn fún ìdá kọ̀ọ̀kan, mo fi sọlúṣọ̀n, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ táyà, lẹ̀ ẹ́ pa. Ìyàwó mi mú ìdá kìíní. Ọ̀rẹ́ mi mú ìkẹta. Èmi mú ti àárín. N kò ní ìdánwò kankan í ṣe, ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn nínú ilé ara rẹ̀?

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí kọ̀nténà àtijọ́ kan ti ṣíji bò wá. Oníkálùkù yóò sọ ohun tó kà. Àdéhùn ni pé tí a bá ti parí, a máa pààrọ̀; èmi àti ìyàwó mi pààrọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní òun ò tíì parí tòun. Ìyàwó mi máa ń sọ tirẹ̀ bí ẹni ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èmi máa ń fi ìka tọ ìlà lọ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá kan ọ̀rọ̀ tó le, mo máa fò ó bí ẹni fo gọ́tà, mo sì máa ń balẹ̀ sí òdìkejì láìṣubú.

Ọ̀rẹ́ mi ni tirẹ̀ dùn jù. Kì í mú ìwé dání. Ó ní inú agbárí òun ló wà. Ó sọ bí ọmọ inú ìwé ṣe jí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi, tó tún padà lọ bá a pé òun bá a wá a rí, kí ó fún òun ní búrẹ́dì. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń so mọ́ ìdí báàjì, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tó ń kó ẹrù, tí báàjì ń wọ́ wọn lọ, tí baálé ilé kan dúró létí omi tó ń gégùn-ún fún wọn. Èmi ń fi ọwọ́ lu itan.

"Òótọ́ ni! Ẹ gbọ́, òyìnbó tó kọ ìwé yìí mọ omi! Kì í ṣe ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ló kọ ọ́."

Ìyàwó mi ní, "Ọmọ burúkú ni. Ká ní ọmọ mi ni, màá ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìyàwó wa, tábìlì yẹn máa bá a dé odò ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rò ó lẹ́yìn náà. Kí ló dé tí gbogbo ayé fi fẹ́ràn ọmọ aláìgbọràn nínú ìwé, tó sì jẹ́ pé àwa, ẹgba ni wọ́n fi ń lé wa kúrò létí omi? Ìlú inú ìwé yẹn, etí omi ló wà. Tiwa náà, etí omi ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lónìí kọ̀nténà àti táńkì epo ò jẹ́ ká rí omi ọ̀hún mọ́. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó kọ ti inú ìwé ti mọ̀ pé ọmọ náà máa padà wálé wá jẹ oúnjẹ alẹ́. Àwa ò lẹ́ni tó mọ tiwa.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi sọ ti ọ̀rẹ́ ọmọ inú ìwé náà. Ó ní wọ́n pè é níjà pé kò lè wẹ̀ gba abẹ́ báàjì kọjá. Ó ní ó bọ́ ṣòkòtò, ó wọmi, gbogbo wọn dúró, wọn ò mí. Àfi bó ṣe yọrí lódìkejì, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé bàtà sílípáàsì ẹnì kan tó ti sọnù sókè lọ́wọ́.

Ìyàwó mi kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi dìde lọ síbi páǹpù mi, mo ń ṣe bí ẹni ń tún un ṣe. Àwa náà ní ọmọ kan bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó wọ abẹ́ báàjì lójú mi kòrókòró. A sáré yípo, a dúró lódìkejì, a ń wo omi. Kò jáde. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá sọ pé ti inú ìwé jáde, inú mi dùn lọ́nà kan tí n kò lè ṣàlàyé. Mo ní ó dáa, ibì kan wà láyé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jáde. N kò béèrè ohunkóhun.

Òjò wá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Orí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ń jò, ìdá ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rin gbindin. Lọ́jọ́ kejì oòrùn mú, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tú awọ túùbù mi kúrò, ó sá àwọn ewé náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó nọ́ọ̀tì, irin tí a fi ń de táyà, lé wọn.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, nọ́ọ̀tì yẹn ò wúwo tó o."

Ó ní, "Abẹ̀ẹ́g, bójú tó táyà ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ìlà fi ṣí. Ẹ mọ̀ bí ìlà ṣe ń ṣí ní Coconut: ẹni tó ń sùn jí, ẹni tó ń jẹun da àwo nù, gbogbo ọkọ̀ fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà òfìfo kan fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kó àwọn ewé náà bí ẹni kó adìyẹ. Mo sáré bọ́ sójú títì. Mo na ọwọ́ kan sókè sí àwọn awakọ̀, mo fi èkejì ń ṣa ìwé.

Ẹnì kan yọrí lókè, ó ní, "Baba, you dey craze?"

Ewé kan lẹ̀ mọ́ táyà. Mo rí i tó ń yí, tó ń yí, tó bá táyà lọ sí wáàfù. Èmi ni mo sì lẹ táyà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ mi sì dáa, kò bẹ́.

Ìlà ti tún dì pa, ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ìyàwó mi ti ilé-ìwé dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń to àwọn ewé tí mo ṣà. Ó kà wọ́n. Ó gbójú sókè wo ọ̀rẹ́ mi.

"Bọ̀dá, níbo ni ibi tí wọ́n ti jí àjẹ̀ wà?"

"Ó wà nínú èyí tó fò lọ."

"Ìdí báàjì ńkọ́?"

"Ìyẹn náà."

"Gbogbo èyí tó dùn ló fò lọ, èyí tí kò dùn ló wá dúró?"

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ họ orí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Tí mo bá ti ka ìlà mẹ́ta, oorun ni. Ojú sì ń tì mí láti wá síbí lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a ṣe lọ́mọdé ni mò ń sọ."

"Ìdánwò mi ni, Bọ̀dá. Iṣẹ́ mi ni." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

Èmi tí ẹnu mi kì í yẹ̀, tí awakọ̀ mẹ́wàá ò lè borí mi lọ́rọ̀, nọ́ọ̀tì tó já bọ́ sílẹ̀ ni mò ń ṣà. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Èyí tó jáde lódìkejì ńkọ́?"

Ó wò mí. "O mọ̀ ọ́n."

"Kò jáde."

"Mo mọ̀ pé kò jáde. Àwa méjèèjì la jọ dúró níbẹ̀. Mo kàn rò ó pé tí mo bá ní inú ìwé ló wà…" Kò parí rẹ̀. Ìlà tún ṣí, wọ́n ń fọn fèrè fún un lẹ́yìn, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ìlà dá a dúró nínú wáàfù, kò sì lè ṣe ìdánwò náà.

Mo lẹ ìwé yẹn padà di ọ̀kan, sọlúṣọ̀n mi kì í já. Ṣùgbọ́n mo lè lẹ ohun tó ya, n kò lè lẹ ohun tí kò sí. Ìyàwó mi ka ìyókù títí ilẹ̀ ọjọ́ ìdánwò fi mọ́.

Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú gbogbo rẹ̀, àfi Lítíréṣọ̀. Ẹni tó ni ilé-ìwé ní èyí tó kù yẹn gan-an lòun fẹ́ rí. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ ọmọ inú ìwé náà ni wọ́n béèrè nínú ìdánwò, pé báwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí. Inú àwọn ewé tó sọnù ló wà.

"Kí lo wá kọ?"

"Mo kọ ọ́ pé ó wẹ̀ gba abẹ́ báàjì, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín."

"O mọ̀ pé kò sí nínú ìwé."

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá fi bébà sílẹ̀ lófìfo ni?" Ó ń ká aṣọ ìdáná rẹ̀ tuntun. "Bàtà tó gbé lọ́wọ́ yẹn gan-an, mo kọ ọ́ sí i."

Ilé ìdáná ló wà báyìí. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan máa ń sá kúrò ní kíláàsì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń dá wọn padà.

Ẹ kà á fún àwọn tó ń sọ ìsọkúsọ ní Coconut. Ohun tó sọnù nìyí: ewé mẹ́sàn-án. Lítíréṣọ̀ kan. Kíláàsì kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan, lábẹ́ báàjì, láàárín Ajégúnlẹ̀ sí Àpápá.