Adájọ́ Wàrà

Àwọn olùsìn màlúù ló sọ ọ́ ní Adájọ́ Wàrà. Yàrá kékeré ló ń jókòó sí níbi tí wọ́n ti ń gba wàrà, èmi sì ń fọ agolo lẹ́yìn rẹ̀. Á kán wàrà oníkálukú sínú ìgò tín-ín-rín, á rì í bọ omi gbígbóná fún wákàtí mẹ́ta. Bí oògùn màlúù kò bá sí níbẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ ìgò á di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá wà, elésè àlùkò tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa wà. Ọkùnrin kan sọ nígbà kan pé ojú Adájọ́ Wàrà ló ń ṣe bàìbàì. Adájọ́ ní kó lọ mú ojú tiẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n Adájọ́ Wàrà tó fi wàrà títà rán an níléèwé náà ń gbé wàrà wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tiẹ̀ ti kùnà lọ́dún yẹn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn kò ní gbà á mọ́ láéláé, màlúù mẹ́fà péré ló sì fi ń bọ́ ilé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ìgò rẹ̀ kò yí àwọ̀ padà. Adájọ́ Wàrà tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Elésè àlùkò náà ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ gún màlúù yẹn lábẹ́rẹ́?”

“Ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ká fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀, mo sì kà á pé.”

“Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkẹyìn ńkọ́?”

Ó ronú díẹ̀. “Ọjọ́rú.”

“Ọjọ́rú ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.”

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbúrò mi, ọjọ́ méjì péré ló kù. Ta ló máa mọ̀?”

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí.

“Ẹ rántí ẹsẹ̀ Màámi,” ni àbúrò rẹ̀ wí.

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló pa ìyá wọn. Oògùn mẹ́ta ni dókítà lò, kò ràn án. Dókítà ní irú oògùn tó ń bá wàrà wọ inú èèyàn ti mọ́ kòkòrò ọgbẹ́ náà lára. Adájọ́ Wàrà kọ èsì náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé agolo fúnra rẹ̀, ó da wàrà náà sí gọ́tà títí ó fi tán.

Ó wá na agolo sí mi kí n fọ̀ ọ́ de ọ̀la, bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbedeméjì. “Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu,” ló wí.

Adájọ́ Wàrà dìde, ó gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.