Owó Róòmù Tí Mo Fọ̀

Bàbá òyìnbó tí mo ń tọ́jú ní Dagenham East ní owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Róòmù àtijọ́ mẹ́fà. Inú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó wọn sí. Ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tí ìyàwó wọn tó ti dolóògbé hú nínú oko kan ní Essex. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n téèyàn bá gbé e sójú fèrèsé, á rí orí ọba kan lára rẹ̀, onímú gígùn, tó fi ewé ṣe adé.

"Ọba yìí ò dé ìhín rí," Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Orí ẹ̀ ló rán wá. Ẹni tó bá ti fi ra búrẹ́dì ti mọ ẹni tó ń jọba lé òun lórí."

Èmi náà ò rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa rí. Ìwé iṣẹ́ tó buwọ́ lù ló gbé mi wọ ìlú yìí. Ọjọ́ tó bá fà á ya, ilé yá. Kò bà mí nínú jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ò ti wọ̀ mí lára mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí Bàbá ku ọ̀la, mo ní kí n ṣe wọ́n lóore. Nílé, gbogbo Sátidé làwa ọmọbìnrin ìjọ Aládùúrà máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ọ̀pá àbẹ́là onídẹ títí á fi máa dán. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway, mo fi iyọ̀ dípò eérú. Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, mo mú owó tí wọ́n fẹ́ràn jù náà lọ sí kíṣìnì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi pọ́n yòò. Imú ọba, ewé orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ.

Nígbà tí wọ́n jí, mo kúnlẹ̀, mo nà án sí wọn. "Sorry, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ sórí fóònù ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Mo ti ń ro bí màá ṣe di ẹrù mi, bí ẹni ń ro ti ẹlòmíràn.

Bàbá wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ mi. "Dìde. Ọba yẹn ti kú tipẹ́. Má kọ nǹkan kan."

Mo dìde. Mo kọ ọ́ pé wọ́n jẹun, wọ́n mu tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí wọn kú ọjọ́ ìbí. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ojú owó náà, wọn ò gbójú sókè. "Ìyàwó mi ò jẹ́ kí omi kàn án rí," ni wọ́n wí. Mo lọ gbé omi tíì kaná.