Ilá Ìyá Mi Lẹ́yìn Yàrá Ìyàwó

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni o. Èmi sanra dáadáa, mo sì ń jowú.

Lẹ́yìn yàrá mi, nínú ilé wa ní Ẹdẹ, ni baálé mi ń to kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí tí wọ́n bá ti rà á dé láti Sẹ̀kọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú tà fún àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀. Èyí tó bá dànù, ilẹ̀ mi ló ń mu ún. Mo ní kí ló dé tí wọn ò tò ó sẹ́yìn yàrá ìyàwó, obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé mi. Wọ́n ní ọmọ kékeré wà níbẹ̀. Ṣé èmi ò bímọ rí ni?

Ilẹ̀ yẹn ni mo ń gbin ilá ìyá mi sí. Nígbà tí wọ́n kú, kóró ilá tí wọ́n dì sétí ìró wọn nìkan ni mo mú nínú ẹrù wọn. Nígbà tí ìyàwó wọlé, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un, kí aráyé má baà sọ pé mo burú.

Nígbà tó yá, ilá tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ewé rẹ̀ ń gbẹ láti etí, èso rẹ̀ ò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ti ìyàwó ń ga ní tirẹ̀. Baálé mi á jẹun tán lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ilá yìí mà dùn o!" Ilá ta ni? Ilá ìyá mi ni! Mo ní ó ti fi nǹkan sí tèmi.

Ọmọbìnrin mi, tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, ní kí n yé é purọ́ mọ́ ọn. Ó hú ilá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́yìn yàrá mi, ó gé ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀ lọ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ wá.

"Màmá, ẹ wò ó. Yàrá tíntìntín nìwọ̀nyí, sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Okùn inú wọn yìí ló ń gbé àbùdá ìyá fún ọmọ. Ó yẹ kó pín sí méjì dọ́gba. Ẹ rí i bó ṣe já, tí àwọn kan lẹ̀ mọ́ra? Bẹntiróòlù lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo fi han baálé mi. Wọ́n ní ilá kọ́ ló ń san owó iléèwé.

Mo padà bi ọmọ mi, "Tí mo bá gbìn ín síbòmíràn ńkọ́?"

"Ó lè má bọ́ sí i o. Tó bá ti wọnú kóró, ọmọ á jogún ẹ̀."

Mo gbin gbogbo kóró tó kù lọ́wọ́ mi sóko ẹ̀gbọ́n mi ní Ara, nílẹ̀ tó mọ́. Ó hù, ó lọ́, kò so. Ilá ìyá mi tán, àfi èyí tó wà lọ́wọ́ ìyàwó.

Kí n lọ tọrọ? Èmi ìyáálé? Mo lọ tọrọ o.

Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó kúnlẹ̀, ó bu kóró lé mi lọ́wọ́. "Ìyáálé mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ fún mi." Ìbá bú mi, ìbá sàn. Ó wá ní, "Ibo lẹ máa gbìn ín sí?"

Mo wo ọ̀nà ẹ̀yìn yàrá mi, níbi tí kẹ́ẹ̀gì wà. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ebè rẹ̀. "Àyè ṣì wà níbí, mà."

Láràárọ̀ báyìí, ẹ̀yìn yàrá ìyàwó ni mo ti ń bomi rin ilá ìyá mi. Ibẹ̀ náà ni baálé mi ń jókòó sí jẹun, wọ́n á sì máa kí mi kú iṣẹ́.