Apá Òsì Tí Mo Fi Pamọ́

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò ní ilé wa ní Akron, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, kí ìyá mi tó kí i. Èéfín ààrò rẹ̀ wọ ara ògiri, ó wọ aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó tún wọ inú ìwé mi débi pé ẹja ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ láìjókòó láàárín. Èémí mi á fẹ́ẹ̀ tán, òòyì á kọ́ mi. Ìyá mi ní èéfín òun ló fà á. Ó gbé ẹní mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò mọ́. Ìwọ náà mọ irú ilé tiwa yẹn: ìdí ààrò ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti yàrá ẹ̀yìn, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mi ò dá a lẹ́bi, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú lulẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì tó gbé e délé, ó ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa á. Ìyá mi kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti tẹjú mọ́ mi, mo mọ̀ pé àwa méjèèjì ló ń wò.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan, òun ló ń tọ́jú mi. Tí mo bá ti dé, á gbé ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi náà á na apá ọ̀tún. Họ́wù, ta ló máa na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà? Mo ti fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ ìyá bàbá mi rí, ìgbátí tó tẹ̀lé e, mi ò gbàgbé. Ní apá ọ̀tún yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ṣáá. Nọ́ọ̀sì fún mi lóògùn, ó ní kí n má jẹ iyọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò mi tún yà sọ́tọ̀ o. Odidi ọdún kan ni mo fi ń dá jẹun nínú yàrá ẹ̀yìn, oúnjẹ tí kò dùn lẹ́nu, tí kò sì wò mí sàn.

Oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Orin ológun gba rédíò kan, kò sì pẹ́ tí dókítà òyìnbó tó wà ní ilé ìwòsàn náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé dé. Ó gbé ìka lé kòtò ọrùn mi, ó dúró, ó ní ibẹ̀ ń gbọ̀n bí ọ̀fun ológbò tó ń sùn. Ó wọn ìfúnpá mi lápá ọ̀tún, ló bá ní, "Mú apá kejì wá."

Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, òsì ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkàn ò mọ ìyẹn. Mú un wá."

Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ kí n tó na apá náà sí i. Ó wọn òsì, ó padà wọn ọ̀tún, ó tún wọn òsì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ìfúnpá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ jìnnà. Ó ṣàlàyé fún ìyá mi pé iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọkàn ló fún pọ̀, lókè ẹnu ilẹ̀kùn ọkàn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára tú jáde níbẹ̀, apá ọ̀tún ló sì ń rọ́ sí jù. Ó ní wọ́n ń bí àrùn náà mọ́ni ni, ó sì lè wà nínú ìdílé. "Màmá, ṣé ọmọ yín kankan ti ṣubú lójijì rí?"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kì í ṣe èéfín mi?"

"Kì í ṣe èéfín yín, Màmá."

Ó sunkún ọjọ́ yẹn ju bó ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi.

Iṣẹ́ abẹ ló kù, wọn ò sì lè ṣe é nílẹ̀ wa. Àwọn aláàánú kan nílẹ̀ Faransé gbà láti tọ́jú mi, ó wá ku ìwé ìrìnnà. Háà, àsìkò wo nìyẹn! Wọ́n ti kó àwọn tó ń buwọ́ lùwé kúrò, àwọn tuntun ò sì tíì mọ ibi tí òǹtẹ̀ wà. Ìyá mi lọ títí, ó bọ̀ títí. Nígbà tó yá, ìwé kan ṣoṣo jáde, tèmi ni. Wọ́n ní kó ṣì máa retí tirẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá ní kó dúró dè yín, mi ò mọ̀ bóyá ó máa lè dúró." Ìyá mi mú ìwé tèmi, ó fi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Á lọ."

Bí mo ṣe dá lọ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà tín-ín-rín kan wọ iṣan mi, wọ́n ya fọ́tò ibi tó fún, bí dókítà wa ṣe sọ ló sì rí gẹ́lẹ́. Wọ́n la àyà mi, ẹ̀rọ ń mí fún mi, ẹ̀rọ kan náà ń fa ẹ̀jẹ̀ mi yí ká, wọ́n sì rán abala aṣọ kékeré kan mọ́ iṣan náà kó lè fẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Faransé tí mo kọ́ níléèwé ò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe mí, kò sì sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Tí aago àbẹ̀wò bá lù ní ọ̀sán, tí àwọn ìyá bá wọlé pẹ̀lú ọsàn àti bísíkíìtì, mo máa ń kọjú sí ògiri kí wọ́n lè rò pé mo sùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ tí mo padà dé Àjàṣẹ́, ìyá mi wẹ̀ fún mi bí ọmọ ọwọ́. Ó fi ìka tọ ojú àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ta ló jókòó tì ọ́ níbẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní obìnrin Nàgó kan tó ń sọ èdè wa wà níbẹ̀, pé ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń di ọwọ́ mi mú. Irọ́ ni. Ìyá mi ò bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò sí òwúrọ̀ tí kì í gbàdúrà fún obìnrin yẹn: "Ibikíbi tó bá wà, Ọlọ́run, má jẹ́ kó dá wà."

Èmi ni mo máa ń ṣe àmín, mo sì máa ń ṣe é sókè, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì tí àdúrà náà lè bà lé lórí.