Ohùn Bọ̀ọ̀dá Mi Ò Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi ló ń ní, "Sùúrù o, ìyá, ayé ń lọ síwájú ni." Ayé ń lọ síwájú, mo gbọ́, àmọ́ orí ta ló ń tẹ̀ kọjá? Orí ẹ̀gbọ́n mi ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n pariwo.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọdún méjì ni Bọ̀ọ̀dá fi jù mí lọ, mi kì í sì í pè é ní "ẹ̀yin" àfi bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ fún oníbàárà ló ń ṣe, ọdún méjìlélógún ló sì fi ṣe é nínú ilé oúnjẹ kan ṣoṣo. Má-kọ̀wé ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Àwọn yòókù a máa mú bírò àti ìwé pélébé dání. Òun kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Bí èèyàn méje bá jókòó sídìí tábìlì kan, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Bọ̀ọ̀dá á kàn kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ẹnu wọn. Tó bá yá, á kọjú sí fèrèsé kékeré tó wà lára ògiri kíṣìnì, á ké: "Ìrẹsì mẹ́rin, ọ̀kan ò gbọdọ̀ láta! Ẹja sísun fún bàbá onídìgí, ẹ bá wọn yọ egungun!" Kì í ṣì í. Ohùn yẹn á la ariwo abọ́ àti ṣíbí kọjá, á bá èmi náà nídìí omi ọṣẹ, torí abọ́ ni mò ń fọ̀ níbẹ̀. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ náà, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi ṣe é.

Òun náà ló ń gbé tẹlifóònù ilé oúnjẹ. Kò sí "hẹ́lò" lẹ́nu tirẹ̀. "Ta lebi rán sí wa o?" ni yóò wí. Àwọn kan ń pè torí kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ gbólóhùn yẹn, ìyá wa sì wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé; ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Bọ̀ọ̀dá ń gbé lódìkejì ìlú, ọjọ́ Sunday ló máa ń wá. Wọn ò gbà kí òṣìṣẹ́ mú fóònù sápò lẹ́nu iṣẹ́, ni mo bá fi nọ́ńbà ilé oúnjẹ sórí bọ́tìnì kan ṣoṣo lára fóònù Màámi. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí èrò tó dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

"Ta lebi rán sí wa o?"

"Ìyá ẹ lebi rán o!"

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n. Ṣé ìyá mi ti lo oògùn?"

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín, ó parí. Lọ́jọ́ tí Màámi ò bá gbọ́ ohùn yẹn, ara wọn kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bàbá tó dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ sì jókòó sórí àga. Ọ̀gá Kékeré là ń pè é. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń wọ bàtà funfun wọ kíṣìnì. Lọ́jọ́ kan ó kó gbogbo wa jọ, ó ní òun ti ra rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́ta tí yóò máa gbé oúnjẹ.

"Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n Má-kọ̀wé ló máa kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n náà ló máa jẹ́ olórí àwọn ẹ̀rọ yẹn."

Olórí! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi oyin pa ẹnu ọ̀bẹ. Wọ́n so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan, kò ju èékánná lọ, mọ́ Bọ̀ọ̀dá lọ́rùn ẹ̀wù. Odidi oṣù mẹ́ta ni nǹkan náà fi ń gbé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde mì.

Mo fà á sẹ́yìn kíṣìnì, nídìí garawa ìdọ̀tí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, má kọ́ ọ. Tó bá di dandan, kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó tutọ́ sínú ọbẹ̀ oníbàárà. "Èmi ni kí n kọ́ nǹkan ní ìkọ́kúkọ̀ọ́? Orúkọ ta ló máa bà jẹ́?"

"Orúkọ ẹ á wà níbẹ̀, ìwọ gan-an lo ò ní sí níbẹ̀!"

"Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Ó ní èmi lolórí."

"Ṣé ó kọ ọ́ síwèé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ṣé èmi náà ń kọ̀wé ni?"

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn o. Ọkùnrin tó ti ń fi ọdún méjìlélógún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, tí kò jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́ sọnù, rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ Ọ̀gá Kékeré ń kọ̀wé ní tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èrò kún dẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìwé olójú-ewé mẹ́fà sórí káńtà, ó ní, "Ẹ bá mi fọwọ́ síbí, torí nǹkan ọrùn yín yẹn ni." Àwo mẹ́ta wà ní apá òsì Bọ̀ọ̀dá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ sí i, kò ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, torí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ tutù.

Ó sì kọ́ wọn dáadáa, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, rọ́bọ́ọ̀tì kan yí lọ bá ọmọ ọdún méjì tó ń mu ìka lórí àga, ó fi ohùn ẹ̀rọ lásán wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó ti ẹ̀rọ náà bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Rárá o. Ọmọdé nìyí. Wí pé, 'Ọmọ dáadáa, ṣé ebi ń pa ẹ́?'" Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, ẹ̀rọ ti mọ bàbá onídìgí, ó mọ̀ pé wọn kì í jẹ egungun ẹja, ó sì mọ ìyá tó fẹ́ràn láti jókòó sí kọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Kékeré bọ Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, ó ní ó ti ṣiṣẹ́ gan-an, kó máa lọ sinmi. Ó fún un ní fìlà kan tí wọ́n kọ orúkọ ilé oúnjẹ sí níwájú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi, wọ́n fi mí sílẹ̀, kì í ṣe torí wọ́n fẹ́ràn mi, torí pé ẹ̀rọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ha ìkòkò tó jóná ni.

"Má tíì sọ fún Màámi," Bọ̀ọ̀dá bẹ̀ mí. "O mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Jẹ́ kí n ríṣẹ́ míì ná." Mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí omi ọṣẹ nígbà tí mo gbọ́ ọ: "Ìrẹsì méjì, ọ̀kan ò gbọdọ̀ láta!" Háà! Wọ́n ti pè é padà! Mo sáré jáde, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi. Kò sí Bọ̀ọ̀dá. Rọ́bọ́ọ̀tì ló dúró láàárín tábìlì, àwo lórí rẹ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì ń jáde ní àyà rẹ̀. Mi ò sọ pé ó jọ ọ́ o. Òun gan-an ni, títí kan ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó pe ẹja.

Ọ̀gá Kékeré ń rẹ́rìn-ín. "Ó dùn, àbí? Àwọn oníbàárà ò tiẹ̀ mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ti lọ."

Mo padà sídìí abọ́, mo fọ́ méjì níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ẹ̀kejì ni.

Bọ̀ọ̀dá ń wáṣẹ́ kiri. Ní ilé ìtajà ńlá, ẹ̀rọ ló ń gbowó. Ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀rọ ló ń gbé páálí. Ó dé ilé oúnjẹ kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe kí àwọn wò ó. Ó ké e, "Ta lebi rán sí wa o?" Ọ̀gá ibẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ mà mọ ẹ̀rọ ilé oúnjẹ yẹn sín jẹ o!" Wọn ò gbà á. Látọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́. Kò wá kí Màámi ní Sunday mọ́. Ó ní kí n máa sọ pé iṣẹ́ pọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo délé tí mo bá ìrẹsì àti ẹja lórí tábìlì. Màámi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló fi ránṣẹ́. Mo kàn sọ fún un lórí fóònù pé ó ti pẹ́ tí mo jẹ ẹja ibẹ̀. Ó ní, 'Ó ti ń bọ̀ lọ́nà!' Kò pẹ́, ọkùnrin alùpùpù kan gbé e dé. Ó ní òun á padà wá gbowó, mo ní ọmọ mi ti san án."

Bí mo ṣe ṣe òmùgọ̀ tó nìyẹn: mo ti gbàgbé fóònù aago mẹ́wàá. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń gbé tẹlifóònù nípò Bọ̀ọ̀dá ni ìyá mi ń bá ṣeré láràárọ̀.

"Àmọ́ kì í bi mí nípa oògùn mọ́," Màámi ní. "Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ọmọ mi."

Nígbà tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá, ó ní, "Kí wọ́n gba iṣẹ́, mo gbà. Kí wọ́n máa fi ohùn mi tan ìyá mi jẹ, mi ò gbà."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé síwájú káńtà. Ó gbé fìlà wọn lé e. "Ọ̀gá, mi ò bá ti iṣẹ́ wá. Ohùn mi ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ẹlòmíì sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ sí i." Ó ti mú ìwé náà jáde. "Ojú ewé kẹrin. Ilé oúnjẹ ló ni ohùn yẹn, títí ayé."

Rọ́bọ́ọ̀tì kan gba ẹ̀yìn wọn kọjá. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi!" ó ké. Bọ̀ọ̀dá la ẹnu láti fèsì, nǹkan kan ò jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ìkòkò tí mò ń ha lọ́wọ́. Mi ò fi "ẹ" pè é mọ́. "Olè ni ẹ́! Ẹni tó bá jí ìkòkò yìí, o máa ní kí wọ́n mú un. Ìwọ jí ọ̀nà ọ̀fun èèyàn, o wá ń ka ojú ewé kẹrin fún wa! Bàbá ẹ ò jẹ́ ṣe báyìí!" Mo ju ìkòkò náà, omi dúdú àti èédú, sórí bàtà funfun yẹn. Mi ò tíì tọrọ àforíjì, mi ò sì ní tọrọ ẹ̀.

Bí iṣẹ́ tèmi náà ṣe tán nìyẹn. A wá fẹnu kò pé a máa sọ òótọ́ fún Màámi lọ́jọ́ kejì.

Bọ̀ọ̀dá pẹ́ dé. Nígbà tó fi wọlé, Màámi ti wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti tẹ bọ́tìnì náà. A gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà: "Ta lebi rán sí wa o?"

"Ìyá ẹ lebi rán o!" Màámi bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá lóṣòó síwájú wọn. "Màámi, èmi nìyí," ó ní, pẹ̀lú ohùn tó kù fún un. "Mi ò sí níbi iṣẹ́ mọ́."

Màámi yíjú sí òjìji rẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Bọ̀ọ̀dá ni, Màámi," mo ní. "Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá wo? Ṣé o ò gbọ́ ohùn ẹ̀ létí mi ni?" Wọ́n fi ọwọ́ kan bo fóònù, wọ́n sì fi èkejì wá èjìká ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rọra gbá a bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àlejò. "Ẹ má bínú, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ tán."