Ìjì Kò Bá Wọn Nílé

Ọmọrí ìkòkò ni mò ń lé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ìjì wọ̀ mí lára.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè ní Alhaja, ló ni ìkòkò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ìkòkò ńláńlá háyà fún àwọn tó ń dáná ìnáwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù September, ó ti fọ̀ wọ́n tán, ó kó wọn síta kí wọ́n gbẹ. Ojú ọ̀run lápá Lafiaji, tó jẹ́ ìlà-oòrùn wa, ti dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ká kó ìkòkò wọlé, afẹ́fẹ́ ti dé. Ó ṣí ọmọrí èyí tó tóbi jù nínú wọn, ọmọrí tó fẹ̀ tó tábìlì ayò, ó gbé e kọjá odi, ó yí i lórí páànù aládùúgbò, ó sì kọrí rẹ̀ sí ọ̀nà Olówógbowó. Mo sáré tẹ̀ lé e nínú òjò. Nígbà tí mo dé etí ọ̀sà, ọkùnrin kan tó sá sábẹ́ òrùlé kan kàn na ọwọ́ sí orí omi, ó ní ó gba ọ̀hún lọ.

Mo padà sílé, mo sọ fún Alhaja pé afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ.

"Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e," ó ní. "Níbo ni afẹ́fẹ́ náà ń lọ?"

N kò mọ̀. Mo ti dàgbà, mo ti níyàwó, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ tèmi ní Jankara, síbẹ̀ n kò bi ara mi rí ibi tí ìjì ń lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí wa. Èrò mi ni pé òjò tó bá ti dá ní òde wa ti dá ní gbogbo ayé. Mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, mo sì bá àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè pàdé. Mo fi ìka lé Èkó. Ìkùukùu funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na páànù wa wà níbẹ̀ gbangba, ó ti ń wọ Kútọnu. Nígbà tí àwòrán mìíràn yóò fi jáde, ó ti kọjá Kútọnu. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kọjá Ghana. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ilé tó ń rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ìjì kan kọjá lórí wa kí n má sìn ín dé òkun.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, n ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi. Afẹ́fẹ́ máa ń rú bí ìgbì láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, yóò gba òkè ọya kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Òkè lọ́hùn-ún ni àárín rẹ̀ máa ń gbà, kì í ṣe orí wa. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ló ń gbá wa lójú ní Èkó. Ìgbì náà yóò jáde sórí òkun lápá Dakar. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi òkun bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó tó ìwọ̀n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì dà á láàmú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí bí òòyì, yóò yọ ojú kan láàárín, yóò sì di ìjì ńlá tó ń kọjú sí Amẹ́ríkà.

Mo lẹ àwòrán ayé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ náà ni mo fi ń wọn ọ̀nà ìjì. Ínṣì kan lórí ògiri jẹ́ irinwó kìlómítà lórí omi. Obìnrin kan wá ra ànkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ́jọ́ kan, mo gé e, mo sì sọ fún un pé ìwúwo afẹ́fẹ́ nínú ìjì kan nítòsí Cape Verde ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́rin. Ó bi mí bóyá ìyẹn ni wọ́n fi gbówó lé ànkárá.

Alhaja nìkan ló ń tẹ̀ lé mi, nítorí ọmọrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba kìlómítà lọ́wọ́ mi. Ó ní kìlómítà kì í ṣe ìlú ẹnikẹ́ni, pé kí n sọ ibi tó dé. Nítorí náà, mo fi téèpù wọn gbogbo ìlú tó mọ̀, ní títọ́ bí ẹyẹ ṣe ń fò láti ilé wa, mo sì ń túmọ̀ fún un. Mẹ́tàléláàádọ́ta ni Ṣàgámù. Ọgọ́fà, ó dín ẹyọ kan, ni Ìbàdàn. Igba ó dín márùn-ún ni Òṣogbo. Bí mo bá ní ìjì kan rin Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀ di àṣálẹ́, yóò mi orí, yóò ní ó yára o.

Ìjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gba orí wa kọjá ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn ti ọmọrí. Kò ṣe ju pé ó fa tapólì onígbàjámọ̀ ya lọ. Mo sìn ín dé òkun. Lẹ́yìn tó kọjá Cape Verde, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí. Àwọn tó ń ṣọ́ ìjì lókè òkun sì fún un ní orúkọ òyìnbó kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí bí àwọn àgbà ilé wa nínú. Bàbá tó dàgbà jù nínú agbo ilé bi mí pé ta ni wọ́n bi léèrè. Mo ní wọ́n ti to orúkọ sílẹ̀ ṣáájú ni. Ó ní ọmọ tó gba ojúde wa kọjá, tí a mọ ìgbà tó jáde, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ láì dúró dé ọjọ́ kẹjọ, wọn kò sì ránṣẹ́ sílé. Ó ní ká má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú òun. Láti ìgbà náà, Ará Ilé là ń pè é.

Nígbà tí Ará Ilé la òkun kọjá tán, ó yíjú sí ìlú etíkun kan ní Amẹ́ríkà níbi tí ọmọ kan ṣoṣo tí Alhaja bí ń gbé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó débẹ̀ nígbà tí mo fa ìlà ọ̀nà tí mo rò pé yóò gbà. Afẹ́fẹ́ wúwo kan wà tó jókòó sáàárín òkun bí àgbàlagbà tó gba ẹnu ọ̀nà. Ìjì kì í gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń yí gbà. Mo wò ó dáadáa, mo sì rí i pé àgbàlagbà náà ti ń dìde díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sí gúrúpù ẹbí wa pé Ará Ilé yóò yí padà sínú òkun kó tó dé ilẹ̀, pé ibi tó máa sún mọ́ jù sí ilé Bọ̀dá, ọmọ Alhaja, yóò jìn tó Ìbàdàn. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Mo tilẹ̀ fi àwọ̀ pupa fa ìlà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Jankara, ó sì jókòó sórí ìdì aṣọ. Ó ní ìjọba ọ̀hún ti ní kí àwọn ará etíkun kó kúrò. Ọmọ òun ní òun kò lọ. Ó ní lọ́dún tó kọjá òun sá lọ, òun sùn sílẹ̀ gbọ̀ngàn láàárín àwọn tó ń hanrun, ìjì kò sì wá. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, àbúrò òun tó wà nílé ti sọ pé kò ní dé.

"Ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀," Alhaja ní. "Tí o bá sọ pé ibí ni ìjì máa gbà, tí ọjọ́ bá ku mẹ́ta, báwo lo ṣe máa ń ṣì í tó?"

N kì í purọ́ nípa fígọ̀, iye tí mo bá wọn. Mo sọ fún un pé tí mo bá pa gbogbo èyí tí mo ti ṣe pọ̀, tí mo sì pín in dọ́gba, àṣìṣe mi tó Òṣogbo.

"Òṣogbo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilé ọmọ mi sì wà ní Ìbàdàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Òṣogbo, ṣé kì í gba Ìbàdàn kọjá?"

Mo wo ògiri. Mo wo téèpù tó wà lọ́rùn mi. Gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa ìjì, kò sí èyí tó sọ ọ́ fún mi ní ṣókí bẹ́ẹ̀ rí.

A pe Bọ̀dá lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ìlà pupa yẹn kì í ṣe okùn, pé ó ní fífẹ̀, pé ilé wọn wà nínú fífẹ̀ náà. Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá ìjọba ń dẹ́rù bani, èmi tó ń ta aṣọ ní Jankara nìkan ló fọkàn òun balẹ̀, ọ̀rọ̀ mi lòun sì máa tẹ̀ lé. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, òun lẹ́ni àkọ́kọ́ tó gba àsọtẹ́lẹ̀ mi gbọ́ pátápátá, èmi náà ni mo sì wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbà á gbọ́.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "n kò mọ̀ ọ́n tó bí ẹ ṣe rò."

"O mọ̀ ọ́n. O kàn ń bẹ̀rù Màámi ni."

Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Gbọ́. Ìjì yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀."

"Màámi, ìjì kì í..."

"Mò ń sọ̀rọ̀. Ará ilé ni, ṣùgbọ́n kò níwà. Irú rẹ̀ ló gbé ọmọrí ìkòkò mi lọ láì dágbére. Ará ilé tí kò níwà, tó ń bọ̀ wá bá ẹ lálejò, tí o kò sì fẹ́ rí i, kí la máa ń ṣe nínú ilé yìí?"

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú agbo ilé wa tí kò mọ ìdáhùn. Wọ́n ti rán gbogbo wa lọ sẹ́nu ọ̀nà rí láti lọ sọ ọ́.

"A máa ń ní a ò sí nílé," Bọ̀dá ní.

"Ẹni tó ní òun ò sí nílé, ṣé pálọ̀ ló máa ń jókòó sí?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Jáde."

Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń han gooro, ṣùgbọ́n ó jáde. Àṣẹ ìjọba kò mú un jáde, fígọ̀ mi kò mú un jáde, àmọ́ kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé pálọ̀ lòun ṣì wà. Ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ jìnnà sí omi. Kó tó lọ, ó ya àwòrán ilẹ̀kùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó ti lẹ ìwé kan mọ́ inú gíláàsì, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà gàdàgbà: "Onílé kò sí nílé." Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó ní ibi tí àlejò ti wá lòun wò.

Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ìlà wa ní Jankara ló ń bá mi ṣọ́ ọ lẹ́yìn náà. Èmi kò fẹ́ràn irú òkìkí bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí Ará Ilé dé ibi tí mo ní yóò ti yí, kò yí. Ó ń tẹ̀ síwájú. Mo gé aṣọ oníbàárà kan ní ọ̀pá márùn-ún dípò mẹ́fà. Ẹni tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní bóyá àgbàlagbà tó gba ẹnu ọ̀nà ti sùn ni. Nígbà tó yá, àgbàlagbà náà ṣí ọ̀nà, Ará Ilé yẹsẹ̀ sí àríwá, ó sì padà sínú òkun. Kò dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jìn tó Ìbàdàn sí ilé Bọ̀dá. Ṣàgámù ló gbà.

Nígbà tí Bọ̀dá padà sílé, igi ńlá kan ti wó gba òrùlé wọlé, ó sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwé ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọnù ni ọmọrí garawa ìdọ̀tí.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Alhaja bí afẹ́fẹ́ wúwo ṣe sún sẹ́yìn tí ìjì fi rí ọ̀nà yí gbà. Ó tẹ́tí sí mi tán.

"Ṣé ó yí padà àbí kò yí?"

"Ó yí, mà."

"Ṣé ó bá a nílé?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá kù?" Ó ronú díẹ̀. "Ọmọrí ló kàn ń kó jọ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà nínú agbo ilé wa nìyẹn: ìjì dé ẹnu ọ̀nà, ó ka ìwé, ó padà. Ó ní ìdí tí n kì í fi bá wọn jà. Bí Alhaja bá ti dé ibi tí igi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò na ọwọ́ sí mi pé kí n máa bá ìtàn lọ.

Láti ìgbà náà, n kì í fi ìlà kankan sí gúrúpù ẹbí kí Alhaja tó rí i. Mo ti ju bírò pupa nù. Orúkọ ìlú tí àṣìṣe mi tó ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́tà gàdàgbà, kí n tó fa ìlà rárá. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà ìlú náà yóò sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ sí nílé. Lórí Ará Ilé, mo ṣì í tó kìlómítà mẹ́rìndínláàádọ́rin, díẹ̀ ló kù kó pé Ìjẹ̀bú-Òde. Alhaja ní ó dára, mo ti ń bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀ láti Òṣogbo.

Èyí tó gba orí wa kọjá lọ́dún yìí kò ní ìlú kankan lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹja nìkan ló dà láàmú kó tó kú sáàárín òkun. Mo fi téèpù wọn ibi tí mo ní yóò wà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo fi wọn ibi tó wà ní tòótọ́, mo sì tún un wọn. Kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo fi ṣì í. Àgbádárìgì.